Ta Ló Ni Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Owó Ọ̀nà ní Manhattan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Takisí ni mò ń wà ní New York. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2025 ni wọ́n ti ń gba owó lórí mọ́tò tó bá wọ Manhattan láti Òpópónà 60 lọ sísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn tó ń ṣe ohun ìjà ní Síńgápọ̀ ló ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Mo ní irọ́ ni. Ta ló jàre? — Awakọ̀, Bronx

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín ló jàre, àbúrò mi. Ilé-iṣẹ́ TransCore ló ṣe kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ àti E-ZPass, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń san owó ọ̀nà, tó wà lára gíláàsì yín. Ní 2022 ni ST Engineering ti Síńgápọ̀ ra TransCore ní bílíọ̀nù 2.68 dọ́là. Àwọn ST Engineering yìí náà ló ń ṣe ìbọn, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi. Temasek, tí í ṣe ti ìjọba Síńgápọ̀, ló ni ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe àwọn ló ni owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ o. MTA, àwọn tó ni ọkọ̀ ojú irin New York, ló ni ín.

Báwo ni ìbọn ṣe dé ìdí owó ọ̀nà? Ní oṣù Kẹjọ 1965 ni Síńgápọ̀ kúrò lára Malaysia. Kò pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ń kó ọmọ ogun àwọn lọ, bẹ́ẹ̀ bárékè wọn ló ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ọrọ̀ ajé ìlú wá. Goh Keng Swee, mínísítà ètò ààbò àkọ́kọ́, wà lára àwọn tó ní kí wọ́n máa rọ ọta ìbọn fúnra wọn. Ní 1967 wọ́n dá Chartered Industries of Singapore sílẹ̀ láti máa ṣe ọta ìbọn M16.

Ṣùgbọ́n ọmọ ogun ìlú kékeré kì í yin ọta tó máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ní 1968, abẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé tó ń rọ owó wẹ́wẹ́ sí: ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń tẹ idẹ di kóró ọta kò ní í ṣòro fún láti tẹ owó. Lọ́dún yẹn náà ni èbúté ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Sembawang di ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ oníṣòwò ṣe. Bí wọ́n ṣe ń fẹjú nìyẹn, títí wọ́n fi da ilé-iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀ di ST Engineering ní 1997.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Kàdúná ló ṣáájú. Ní 1964 ni Nàìjíríà dá DICON, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà, sílẹ̀ níbẹ̀, ọdún 3 ṣáájú wọn. Iṣẹ́ alágbádá tí àwọn ará Síńgápọ̀ tètè fà mọ́ra ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ohun ìjà ní Nàìjíríà wò dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ọmọ mi ń kàwé ní Síńgápọ̀. Ó ní yàrá kótópó kan wà nínú fúláàtì tó háyà, ìlẹ̀kùn irin wúwo ló ní, kò ní fèrèsé. Ẹ̀rù ń bà mí. — Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Bọ́lá. Ibi ìsádi bọ́ǹbù ni. Lóru ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1941, iná ìgboro ṣì ń tàn nígbà tí Jàpáàn ju bọ́ǹbù sí wọn, wọn ò sì gbàgbé. Òfin 1997 ló ní kí ilé tuntun máa ní irú yàrá yìí. Àwọn ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ mìíràn náà ní ìlẹ̀kùn irin ńlá tí wọ́n lè tì bí ogun bá dé. Ní ọjọ́ àlàáfíà, àpótí àti àpò ìrẹsì làwọn èèyàn ń kó sí yàrá ilé wọn.

Ẹ sọ fún Bọ́lá pé kó má gbẹ́ ara ògiri rẹ̀, kó má yọ ìlẹ̀kùn yẹn, kó má sì ya ìwé ìkìlọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó má di ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa pẹ̀lú.