Kọ́ìnì fàdákà láti London: kí ló dé tí owó rẹ̀ fi dín ní Ìkòròdú?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín fi Britannia (kọ́ìnì fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) márùn-ún ránṣẹ́ láti London, alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní Sábó wá dá iye lé e tí kò sún mọ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n yín san rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra fàdákà tí mo sì ń tà á ní Ìkòròdú yìí, wọ́n ti dá irú iye bẹ́ẹ̀ lé tèmi náà. Ìrẹ́jẹ lè wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìrẹ́jẹ.

Ẹ gbàgbé 2 pọ́n-ùn tí wọ́n kọ sí i lára, kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ ra búrẹ́dì. Fàdákà inú rẹ̀ ni wọ́n ń rà: troy ounce kan (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fàdákà àti góòlù), gíráàmù 31.1. Ounce tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ kò ju gíráàmù 28.35 lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ń gbà. Ẹnì kan ti gbé "ounce kan" wá fún mi rí tí òṣùwọ̀n kà á sí 28. Mo ní kó máa gbé e lọ. Britannia tí wọ́n ṣe láti 2013 jẹ́ ojúlówó fàdákà 999 nínú 1,000. Àwọn tó ṣáájú jẹ́ 958, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo díẹ̀ sí i, nítorí náà fàdákà inú wọn kò dín.

Dọ́là ni wọ́n fi ń pe iye fàdákà kárí ayé, ohun tó sì ń rú ọ̀pọ̀ wa lójú nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 470 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di February 2024, ó ti kọjá 1,400. Ounce fàdákà kan kò kúrò ní nǹkan bí dọ́là 22 sí 24 nígbà méjèèjì. Àwọn èèyàn ń yọ̀ pé fàdákà ti di ìlọ́po mẹ́ta, náírà ló ṣubú. Fàdákà náà sì máa ń já: ó sún mọ́ dọ́là 50 ní April 2011, ó wá wà lábẹ́ 12 ní March 2020.

Ó wá ku owó tí ẹ̀gbọ́n yín san lé iye fàdákà. Owó iṣẹ́ ilé tí wọ́n ti rọ ọ́ wà níbẹ̀, èrè ẹni tó tà á wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba VAT (owó orí ọjà) ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lórí fàdákà tuntun. (Kọ́ìnì góòlù wọn kò san án, ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín.) Kò sí alágbẹ̀dẹ tó máa dá VAT yẹn padà fún yín láéláé. Yíyọ́ ló fẹ́ yọ́ ọ fi ṣe òrùka, àwòrán ara rẹ̀ kò kàn án, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ èrè. Bó bá fún yín ní mẹ́jọ àbọ̀ nínú mẹ́wàá iye fàdákà ọjọ́ náà, èmi á gbà á. Bó bá sọ pé ìdajì, ẹ kó kọ́ìnì yín sápò. Ẹni tó fẹ́ kọ́ìnì gẹ́gẹ́ bíi kọ́ìnì ló lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì pọ̀ níbí. American Eagle (kọ́ìnì fàdákà ilẹ̀ Amẹ́ríkà) ti 1996 ni wọ́n ṣe níwọ̀nba jù nínú irú rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi owó lé e. Lọ́jà Ayangbúrẹ̀n, ọgbọọgba ni òun àti ti èṣí.

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó wọn o, ẹ má sì fi rọ́bà dì wọ́n, ó máa ń sọ fàdákà di dúdú. Alágbẹ̀dẹ kò ní bínú sí i, ẹni tó ń kó kọ́ìnì jọ á bínú.

Ní ti ṣílè ilẹ̀ West Africa tí ẹ bá nínú àpótí bàbá yín, ẹ wo ọdún ara rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde. Ti 1913 sí 1919 jẹ́ fàdákà 925 nínú 1,000. Láti ọdún 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é, bó ti wù kó máa dán tó. Ọdún wo lẹ rí?