Kó o tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé yanrìn ni gneiss rẹ tẹ́lẹ̀

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní gneiss (àpáta onílà funfun àti dúdú) mẹ́jọ lo kó bọ̀ láti ọ̀nà Abẹ́òkúta, èsì láàbù ti dé, ọ̀gá rẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá yanrìn àti ẹrẹ̀ ni àpáta náà kí ooru abẹ́ ilẹ̀ tó sè é di gneiss, àbí granite, òkúta tó yọ́ lábẹ́ ilẹ̀ tó wá tutù, ni láti ìbẹ̀rẹ̀. O wá ń bèèrè èwo ló dáa jù láti lò, ti Shaw ni àbí CIA (Chemical Index of Alteration), ìṣirò méjì tí wọ́n ń fi èsì láàbù ṣe. Méjèèjì ni mo lò nígbà tèmi, méjèèjì ló sì purọ́ fún mi. Ká má parọ́ mọ́ wọn, èmi ni mo bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò yẹ.

Ṣómólú ni mò ń gbé. Ẹni tó mọ ilẹ̀ Èkó mọ̀ pé yanrìn àti amọ̀ ló kún ibí; kó o tó fọwọ́ kan gneiss, wàá wọkọ̀. Ìbàdàn ni mo lọ nígbà tí mò ń ṣe máàsítà. Mo débi tí wọ́n ti gé òkè láti la títì, mo sọ òòlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpáta là bí iṣu tó jinná. Inú mi dùn gan-an. Mo di àpò mẹ́ta. Ní Ìwó Road, awakọ̀ gbé ọ̀kan wò, ó ní, "Bọ̀dá, kí lẹ dì síbí?" Mo ní òkúta ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu: "Ṣé Èkó ò ní òkúta ni?" Kò mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ lòun sọ. Mo san owó ẹrù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó èrò kan, mo sì tún san òmíràn fún àwọn àgbèrò ní Òjọ́ta.

Rírọ̀ tí àpáta yẹn rọ̀ gan-an ló kó bá mi. Àpáta tí òòlù kan là ti jẹrà.

Nígbà tí èsì dé, CIA wọn wà láàárín 81 sí 88. Nesbitt àti Young ló gbé ìṣirò yẹn jáde ní 1982: o mú Al2O3 (ti aluminium), o fi àpapọ̀ òun fúnra rẹ̀, CaO (ti calcium), Na2O (ti sodium) àti K2O (ti potassium) pín in, ní mole (iye hóró) o, kì í ṣe ní ìwọ̀n, o wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. CaO tó wà nínú silicate (èròjà àpáta tó ní silicon) nìkan lo máa kà. Granite tí òjò ò tíì bà jẹ́ máa ń wà nítòsí 50, shale (ẹrẹ̀ tó di òkúta) máa ń wà ní 70 sí 75, kaolinite (amọ̀ funfun) tó mọ́ máa dé 100. Èmi rí 85, mo ní ó tán, ẹrẹ̀ ni. Mo ṣe ti Shaw, gbogbo ẹ̀ jáde ní òdì (ìsàlẹ̀ òdo), òdì sì ni àmì àpáta tó ti inú yanrìn tàbí ẹrẹ̀ wá. Ẹlẹ́rìí méjì! Mo gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé àdúgbò wa, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n di í, wọ́n fi góòlù kọ orúkọ mi sí i lára.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà ìwé náà, olùdánwò tí wọ́n pè láti ibòmíràn kò ṣí àtẹ kankan wò. Ó ní kí n gbé òkúta náà wá. Ó fi èékánná ha ibi tó funfun lára rẹ̀, ìyẹ̀fun dà sórí tábìlì. "Feldspar rẹ dà?" Feldspar ni èròjà líle tó pọ̀ jù nínú granite. Mo ní, òun nìyẹn, sà. Ó ní, "Amọ̀ lò ń pè ní feldspar yẹn. Òjò ọdún mélòó ló ti rọ̀ sórí òkúta yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Òjò máa ń fọ calcium àti sodium kúrò nínú feldspar, potassium á tẹ̀ lé wọn, aluminium á jókòó. Ìdí tí shale fi ní CIA gíga ni pé òjò ti fọ eléyìí kí odò tó gbé e lọ sínú omi. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ò mọ òjò wo. Yálà òjò tó rọ̀ kí àpáta náà tó di gneiss ni o, yálà èyí tó rọ̀ sórí òkè Ìbàdàn ní ọdún tó kọjá ni o, iye kan náà ló máa fún ọ.

Ti Shaw tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wo ìṣirò rẹ̀, ti 1972 (DF ni orúkọ àbájáde rẹ̀):

DF = 10.44 − 0.21 SiO2 − 0.32 Fe2O3 − 0.98 MgO + 0.55 CaO + 1.46 Na2O + 0.54 K2O

Wo Na2O, òun ni wọ́n fi nọ́ńbà tó tóbi jù lọ sọ di púpọ̀. Bí òjò bá fọ Na2O láti 4 sílẹ̀ sí 0.5, ìyẹn nìkan ti yọ 5 ó lé díẹ̀ kúrò nínú DF rẹ. Gneiss tó yẹ kó wà ní +2.8 ti di −2.3 nìyẹn, a ò tíì fọwọ́ kan CaO o. Nítorí náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí méjì ni mo ní. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ó pààrọ̀ aṣọ.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tó yá ni pé Ontario, ní Kánádà, ni àwọn méjèèjì ti wá. Gneiss Apsley ni Shaw ń ṣàlàyé. Ẹrẹ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Huronian ni ti Nesbitt àti Young. Níbẹ̀, yìnyín ńlá tó bo ilẹ̀ láyé àtijọ́ ti ha gbogbo àpáta tó jẹrà dànù lórí ilẹ̀, èyí tó le ló kù síta. Tiwa ń jẹrà lọ́sàn-án lóru, nínú ooru, nínú òjò, yìnyín kan ò sì wá gbá a.

Mo padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wọ inú kòtò ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, mo bẹ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo mú èyí tí òòlù bà tó fò padà. Nílé, mo gé gbogbo èèpo tó ní àwọ̀ ìpẹtà dànù, mo ń fọ́ ìyókù sí wẹ́wẹ́, mò ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná. Ìyá onílé wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé iyán lò ń gún láti àárọ̀, tí a ò gbóòórùn ọbẹ̀?"

Èsì kejì yàtọ̀ pátápátá. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá ní CIA tó wà nítòsí 50, DF wọn sì wà lókè òdo. Granite ni wọ́n. Ṣùgbọ́n márùn-ún tí mo mú lẹ́bàá quartzite (yanrìn tí ooru sọ di òkúta líle) wà ní 62 sí 66, àìjẹrà tí wọn ò jẹrà yẹn náà, DF wọn ṣì wà ní òdì. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ lórí àwọn márùn-ún yìí kì í ṣe CIA rárá, K2O ni. Nínú ẹrẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ yanrìn, ara amọ̀ ni potassium àti aluminium jọ wà, nítorí náà bí yanrìn bá ṣe ń pọ̀ sí i, tí SiO2 (èròjà yanrìn) ń gòkè, àwọn méjèèjì á jọ máa lọ sílẹ̀. Nínú granite, bí SiO2 ṣe ń gòkè ni K2O sábà máa ń gòkè. Nínú àwọn márùn-ún, SiO2 lọ láti 64 dé 78, K2O já láti 3.9 sí 1.8. Nínú àwọn mẹ́sàn-án, SiO2 lọ láti 67 dé 74, K2O gòkè láti 2.6 dé 4.8. Fi bírò fa ìlà méjèèjì sórí ìwé, ojú rẹ á rí i. Mẹ́jọ rẹ kéré, ṣùgbọ́n gbìyànjú ẹ̀.

Ooru fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá rẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bà tí wọ́n fi gàrí Ìjẹ̀bú tẹ̀, omi gbígbóná ti pa hóró rẹ́, síbẹ̀ ẹnu á mọ kíkan rẹ̀. Omi àti CO2 ló máa ń sá jù nígbà tí àpáta bá ń di gneiss. Titanium (Ti), zirconium (Zr), thorium (Th), scandium (Sc) àti lanthanum (La) máa ń dúró. Ibi tí ó ti yọ́ ni wàhálà wà, níbi tí ìlà funfun àti dúdú ti ya ara wọn. Má mú funfun nìkan, má mú dúdú nìkan. Gbé òkúta ńlá tó gba méjèèjì.

Tí o bá máa lo Zr, bi láàbù bóyá ásíìdì ni wọ́n fi yọ́ òkúta rẹ. Zircon, hóró líle tí Zr wà nínú rẹ̀, kì í gbọ́ ti ásíìdì, á jókòó sísàlẹ̀, Zr rẹ á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Lithium borate ni kí wọ́n fi yọ́ ọ. Ọlọ tungsten carbide náà máa ń fi tungsten àti cobalt (Co) tirẹ̀ kún un, má fi Co ṣe nǹkan kan.

Ibì kan wà tí kẹ́mísìrì máa já ọ sílẹ̀. Lọ wo àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà: odò Ògùn ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ̀ láti orí àpáta apá Abẹ́òkúta. Tí irú yanrìn bẹ́ẹ̀ ò bá rìn jìnnà, tí òjò ò tíì rí i fọ̀ kí ilẹ̀ tó bò ó, granite ni yóò jọ délẹ̀délẹ̀ bó bá di gneiss. Níbẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú igbó ló máa sọ̀rọ̀, quartzite tàbí marble, tàbí ọjọ́ orí àwọn zircon inú rẹ̀ bí owó bá wà: ti yanrìn máa ń jẹ́ oríṣiríṣi.

Wá kọ LOI (ìwọ̀n tó dín lára òkúta nígbà tí láàbù fi iná sun ún) àwọn mẹ́jọ náà síbí fún mi. Fún gneiss, mo máa ń fura sí èyí tó bá lé ní 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Schist (àpáta tó ń ṣí ní ìpele-ìpele) tó kún fún mica (ìpẹ́ tó ń dán) lè ju bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹrà, torí omi wà nínú mica fúnra rẹ̀, nítorí náà sọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Sì ya fọ́tò ibi tí o ti gé wọn, kì í ṣe èèpo.