Físà Ìlú Ọba kò lè gbé Màmá wọ Nọ́rwèy, ì báà jẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń sùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa ní Ìbàdàn yóò pé ọmọ 70 ọdún ní oṣù Keje, àwa ọmọ wọn tí a wà ní Ìlú Ọba sì fẹ́ fi ìrìnàjò ọkọ̀ ojú omi yẹ́ wọn sí, láti Southampton lọ sí àwọn fjord ilẹ̀ Nọ́rwèy (apá òkun tó wọ àárín àwọn òkè lọ), dé Tromsø àti Nordkapp ní òkè àríwá ibẹ̀, àti Svalbard, kí ọkọ̀ náà sì gbé wa padà. Wọ́n ti ní físà àlejò Ìlú Ọba. Ẹni tó ń bá wa ṣètò rẹ̀ ní wọn kò nílò físà mìíràn, nítorí pé inú ọkọ̀ ni a óò máa sùn, àti pé Svalbard kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣé òótọ́ ni? Kí sì ni kí Màmá wọ̀? Ṣé wọn yóò rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú ọ̀run lọ́hùn-ún?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe san owó sí i mọ́, bí ẹ bá sì ti san lára rẹ̀, ẹ béèrè lónìí ọjọ́ tí àǹfààní àtigba owó náà padà yóò parí. Ìbéèrè yìí ti wọlé sí mi láìmọye ìgbà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ dáhùn rẹ̀ ní gbangba.

Ti oorun inú ọkọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Nọ́rwèy kò sí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó wà nínú àdéhùn Schengen, èyí tó sọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù di ẹnubodè kan ṣoṣo. Ìlú Ọba kò sí nínú rẹ̀. Èyí já sí pé èbúté àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ yín bá gúnlẹ̀ sí ní Nọ́rwèy, yálà Stavanger ni o tàbí Bergen, ẹnubodè ni, físà Ìlú Ọba kò sì ní agbára kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ ní dé Bergen kó tó bàjẹ́, nítorí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé Màmá wò ní Southampton, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti dá wọn padà. Àdéhùn tí èrò máa ń fọwọ́ sí nígbà tó bá ń sanwó sọ pé ọrùn èrò fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà wà, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n dá kọ́bọ̀ padà. Ẹ má sì rò pé Màmá nìkan ló kàn. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, kódà bí ó bá ní àṣẹ ìgbélé títí ayé ní Ìlú Ọba, nílò físà Schengen pẹ̀lú. Àwọn tó ti gba ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò nílò rẹ̀ fún ìbẹ̀wò kúkúrú.

Ọ̀rọ̀ Svalbard ló yẹ kí n dúró lé lórí, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fi ń ba owó àwọn èèyàn jẹ́. Svalbard jẹ́ àkójọ erékùṣù tó wà ní àárín ilẹ̀ Nọ́rwèy àti òpin àríwá ayé. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris ní ọjọ́ 9, oṣù Kejì, ọdún 1920, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1925, ló fi ibẹ̀ sábẹ́ àṣẹ Nọ́rwèy, ó sì fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó wọnú àdéhùn náà ní ẹ̀tọ́ ọgbọọgba láti wọ ibẹ̀ kí wọ́n sì ṣòwò. Nígbà tí Nọ́rwèy wọnú Schengen, kò mú Svalbard wọ̀ ọ́. Lóòótọ́, Svalbard fúnra rẹ̀ kì í béèrè físà. Ṣùgbọ́n ibo ni èèyàn fẹ́ gbà débẹ̀? Oslo àti Tromsø ni bàálù èrò ti máa ń gbéra lọ sí Longyearbyen tó jẹ́ olú ìlú ibẹ̀, inú Schengen sì ni ìlú méjèèjì wà. Nàìjíríà tilẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó lè fi pápákọ̀ òfurufú inú Schengen ṣe ọ̀nà àgbàkọjá lásán, láìjáde síta.

Kókó tí àwọn olùṣètò ìrìnàjò tí kì í ṣe ẹlẹ́tàn pàápàá máa ń gbójú fò nìyí: bí Svalbard kò ti sí nínú Schengen, a jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò ní Tromsø tàbí Nordkapp lọ sí Longyearbyen, Màmá ti jáde kúrò nínú Schengen nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá wá padà yà sí èbúté mìíràn ní ilẹ̀ Nọ́rwèy, wọ́n tún ń wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ti kú lọ́wọ́ wọn nígbà náà. Svalbard tí ẹni tó ń bá yín ṣètò ní ó mú físà kúrò nílẹ̀ gan-an ló mú kí ẹ nílò físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń tan fídíò kiri lórí WhatsApp pé Svalbard ni ọ̀nà ẹ̀yìn tí ọmọ Nàìjíríà lè gbà di ará Yúróòpù, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn ta ilẹ̀. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí: ẹni tí kò bá lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ ní Svalbard, gómìnà ibẹ̀ ní àṣẹ láti lé e jáde. Kò sí owó ìrànwọ́ ìjọba fún aláìní. Ilé ìwòsàn ibẹ̀ kéré débi pé orí ilẹ̀ Nọ́rwèy ni àwọn aboyún máa ń lọ bímọ sí. Èèyàn kì í jáde kọjá ìgboro láìní ohun tí yóò fi lé béárì funfun, tí í pa èèyàn. Gbígbé ibẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó, kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti gbé ní Nọ́rwèy, ọ̀nà tí yóò sì gbà kúrò níbẹ̀ náà tún ni Schengen.

Ní ti aṣọ, ìpíndọ́gba ooru oṣù Keje ní Longyearbyen jẹ́ nǹkan bí 7 lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí náà kí Màmá ní aṣọ òtútù inú, súwẹ́tà, aṣọ òjò tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá, fìlà àti ìbọ̀wọ́. Bí orúnkún bá ń dùn wọ́n, ẹ béèrè bí wọn yóò ṣe máa sọ̀kalẹ̀, nítorí ní Geiranger, ọ̀kan lára àwọn fjord náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sí àárín omi ni. Wọn kò ní rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé náà ní oṣù Keje, nítorí oòrùn kì í wọ̀ lápá Svalbard nígbà náà, òkùnkùn sì ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ń fẹ́. Bí ìyẹn bá ni Màmá ń wá, àárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹta ni kí ẹ lọ sí Tromsø. Bí ọkọ̀ bá sì yà sí àwọn erékùṣù Lofoten ní Nọ́rwèy, ẹ fi àwọn igi tí wọ́n fi ń sá ẹja hàn wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ okporoko tí a ń rà lọ́jà ti ń wá, inú wọn yóò dùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí Màmá béèrè físà náà láti Nàìjíríà kí wọ́n tó gbéra, nítorí ibi tí èèyàn ń gbé ló ti yẹ kó béèrè rẹ̀, àlejò tó bá fẹ́ ṣe é ní Ìlú Ọba yóò ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe. Wọ́n lè béèrè láti oṣù 6 ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀ lọ. Èmi yóò fi oṣù mẹ́ta sílẹ̀, torí ìpinnu lè fà dé ọjọ́ 45. Ìwé adójútòfò ìrìnàjò wọn gbọ́dọ̀ tó 30,000 Yúrò ó kéré tán. Ẹ rí i dájú pé ó kan Svalbard, àti pé yóò san owó bàálù aláìsàn, nítorí Tromsø ni wọ́n ń gbé ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí físà Ìlú Ọba wọn yóò parí pẹ̀lú, kí wọ́n lè wọ Southampton padà. Èmi kì í ṣe aṣojú ìjọba Nọ́rwèy, òfin sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ fi gbogbo èyí wé ohun tó wà lójú ewé UDI, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì ní Nọ́rwèy, kí ẹ sì gba ìdáhùn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yín ní kíkọ sílẹ̀.

Nígbà tí físà bá jáde, ẹ wo àyè tí wọ́n kọ iye ìgbà ìwọlé sí lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 02 tàbí MULT, ẹ máa lọ. Bí ó bá jẹ́ 01, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ aṣojú tó fún wọn ní físà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ fi ìlànà ìrìn ọkọ̀ náà hàn wọ́n.