Mò ń ṣa ṣírí tó tóbi jù ṣe irúgbìn lọ́dọọdún, kí ló dé tí ìrẹsì mi ò pọ̀ sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Igbẹmọ-Èkìtì ni mo wà, àkùrọ̀ ni mo ti ń gbin ìrẹsì. Ó di ọdún márùn-ún báyìí tí mo ti ń ṣa ṣírí tó tóbi jù lọ sọ́tọ̀ ṣe irúgbìn, síbẹ̀ iye àpò tí mò ń kó kò yí padà. Ọmọ mi ní ṣíṣà náà ni àwọn alálìkámà òkè òkun fi mú tiwọn pọ̀. Kí ni mi ò ṣe bó ṣe yẹ? — Ìyá Oníìrẹsì

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìlàágùn. Níbo nínú oko lẹ ti máa ń rí àwọn ṣírí ńlá yẹn? Bó bá jẹ́ etí oko ni, tàbí ibi tí àgbàrá ń kó ilẹ̀dú jọ sí, àyè ló mú un sanra. Igi tó wà létí kò ní aládùúgbò lápá kan, ó ń rí oòrùn, ó sì ń rí oúnjẹ jẹ. Ìbejì tó dàgbà nílé olówó lè sanra ju èkejì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò ní jogún sísanra yẹn.

Ohun kejì ló jinlẹ̀ jù. Inú òdòdó ìrẹsì kan náà ni akọ àti abo wà, ara wọn ni wọ́n sì máa ń gbà. Bákan náà ni àlìkámà. Bí irúgbìn yín bá ti ara ìyá kan ṣoṣo wá, ẹni kan náà ló kún oko yẹn, kò sí ìyàtọ̀ àbínibí tẹ́ ẹ máa ṣà níbẹ̀. Wilhelm Johannsen, onímọ̀ ewéko, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, fi ẹ̀wà ṣàlàyé èyí ní 1903. Nínú ẹ̀wà oríṣiríṣi ìran tó dà pọ̀, ó ṣa èyí tó tóbi, ọmọ wọn sì tóbi. Nígbà tó ya ìran kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, bó ṣa ńlá, bó ṣa kékeré, bákan náà ni ọmọ wọn ń rí.

Àwọn alálìkámà tí ọmọ yín sọ kọ́kọ́ wá ìyàtọ̀ lọ ni. Norin 10, àlìkámà kúkúrú kan láti Jàpáànù, wà lára ìran tí Norman Borlaug, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Amẹ́ríkà, mú pọ̀ mọ́ ti Mẹ́síkò. Èyí tó ga tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fún un ní ajílẹ̀ dáadáa, orí rẹ̀ á wúwo, á wó lulẹ̀. Kúkúrú dúró ṣinṣin, oúnjẹ tí ì bá fi na igi sì wọ inú ṣírí. Wọ́n fún Borlaug ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 1970. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà rí IR8, ìrẹsì kúkúrú tó jáde ní Philippines ní 1966. (Àlìkámà fúnra rẹ̀, ẹ má gbìn ín sí Èkìtì. Òtútù ọ̀yẹ́ ilẹ̀ Hausa ló ń fẹ́.)

Nítorí náà, ẹ yé wo títóbi ṣírí tàbí ti hóró. Èèpo ìrẹsì ti pààlà fún hóró. Iye ṣírí tó wà lórí ìdí kan àti iye hóró tó yó nínú ṣírí ló ń kún àpò, àwọn méjèèjì sì máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ara wọn. Bí èmi bá wọ oko, ìsàlẹ̀ igi ni mo kọ́kọ́ ń dì mú. Màá rọra tẹ̀ ẹ́, màá sì fi í sílẹ̀ kí n wò ó bóyá á padà dìde. Lẹ́yìn náà ni màá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ṣírí, màá fẹ́ ẹ: bí ìyàngbò bá fò lọ tó pọ̀, ẹwà ojú lásán ni ṣírí ńlá yẹn.

Ní ìkórè tó ń bọ̀, ẹ kúrò létí oko. Láàárín oko, ẹ mú ṣírí kọ̀ọ̀kan lórí bí ọgbọ̀n ìdí tó dúró dáadáa, ẹ má dà wọ́n pọ̀ rárá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Ẹ tọrọ irúgbìn àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ṣì ní i, ẹ sì wá FARO 44, irú ìrẹsì kan tí wọ́n ń gbìn ní Nàìjíríà, díẹ̀ mọ́ ọn, nítorí láìsí ẹni tuntun nínú oko, asán ni ṣíṣà. Ẹ gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, kí tiyín àtẹ̀yìnwá wà láàárín wọn, kí ẹ lè fojú wé. Ẹ fi àwọ̀n bò ó, torí ẹyẹ ẹ̀gà kì í mọ èyí tó jẹ́ irúgbìn. Ìlà tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ bá ṣe dáadáa ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe èyí tí igi kan ṣoṣo ti yọrí. Lọ́dún kejì, ẹ tún un gbìn níbi méjì, ibi tómi pọ̀ sí àti ibi tó gbẹ díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi gbogbo àkùrọ̀ lé e lọ́wọ́.