Ẹ Bi Alhaja: Ọmọ Mi Ní Kí N Ta Ilẹ̀ Bàbá Ẹ̀ Torí Abúlé Kan Ní Indonéṣíà

ÌBÉÈRÈ: Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo wà, mò ń ta aṣọ lọ́jà Owódé. Àbígbẹ̀yìn mi ló lọ kàwé ní Indonéṣíà, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Yogyakarta, ló bá fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Mi ò ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọmọ náà o, Mùsùlùmí ni, ó sì mọ èèyàn kí, tó bá ti rí mi lórí fídíò kọ́ọ̀lù á fọwọ́ lé àyà. Abúlé àwọn ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n ń gbé báyìí. Lóṣù tó kọjá ló pè mí pé kí n ta púlọ́ọ̀tì méjì tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀, kí n fowó ẹ̀ ránṣẹ́, òun fẹ́ ra oko ìrẹsì àti ilẹ̀ ilé, pé orúkọ bàbá ìyàwó òun ni wọ́n máa fi kọ ìwé torí pé àjèjì lòun. Ọ̀rọ̀ orúkọ bàbá ìyàwó yìí ni ò jẹ́ n sùn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ní kí n má tiẹ̀ dá a lóhùn. — Ìyá Aláṣọ, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má ta ilẹ̀ náà o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná. Ṣùgbọ́n ẹ dá ọmọ lóhùn, torí irọ́ kọ́ ló pa fún yín, lóòótọ́ ni àjèjì ò lè ra ilẹ̀ níbẹ̀.

Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1960 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ tèèyàn pátápátá, tó lè fi sílẹ̀ fọ́mọ, Hak Milik ni wọ́n ń pè é, ọmọ Indonéṣíà ló wà fún. Tẹ́nì kan bá wá dọ́gbọ́n tà á fún àjèjì, òfin ní títà yẹn ò tà, ilẹ̀ á di tìjọba, owó tí wọ́n sì ti san fún ẹni tó tà á, wọn ò lè gbà á padà. Èyí tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ ìlú bo tàjèjì mọ́lẹ̀ yìí wọ́pọ̀ níbẹ̀, ní erékùṣù Bali pàápàá, àmọ́ tí ìjà bá dé, ìwé abẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí yẹn, ẹ̀yin lẹ máa máa bẹ̀rù àtigbé e jáde. Bàbá ìyàwó lè jẹ́ èèyàn dáadáa o. Ṣùgbọ́n ẹni dáadáa náà ń kú. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ẹ̀ bá jókòó láti pín ogún, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n máa rí nínú ìwé, ta ló fẹ́ dìde níbẹ̀ sọ pé owó ilẹ̀ Ọ̀fà ni wọ́n fi rà á?

Ẹ lè ní ṣebí ìyàwó ẹ̀ wà, kí wọ́n fi orúkọ ìyàwó. Ìyẹn sàn jù, ó ní kọ́ńdísọ̀n tiẹ̀ sha. Òfin ìgbéyàwó wọn ti 1974 ní ohun tí tọkọtaya bá kó jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, àwọn méjèèjì ló ni ín. Ẹ gbọ́ ọ bí ohun tó dáa, àbí? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí àjèjì tó bá tipa ìgbéyàwó nípìn-ín nínú ilẹ̀ Hak Milik, ọdún kan péré ni wọ́n fún un láti yọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ àjèjì fi máa ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tí wọ́n ń pè ní notaris, wọ́n á kọ ìwé pé ti ọkọ lọ́tọ̀, ti ìyàwó lọ́tọ̀. Tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ilé ẹjọ́ ńlá wọn ló wá gbà lọ́dún 2016 pé èèyàn lè kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ẹ bi ọmọ yín bóyá wọ́n ti kọ tiwọn. Tó bá ń wò yín lójú láìfèsì, kò tíì múra àtira ilẹ̀ nìyẹn.

Nípa oko ìrẹsì, sawah ni wọ́n ń pè é, wọ́n ti ya òmíràn sọ́tọ̀ fún oúnjẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé sórí ẹ̀. Ẹni tó bá sì ni oko gbọ́dọ̀ máa gbé àgbègbè tí oko ẹ̀ wà, wọn ò fẹ́ kéèyàn jókòó sí Jakarta kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lábúlé.

Kí ló wá lè ṣe? Kó má rà, kó háyà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa torí pé èmi náà gbé abúlé kan lẹ́bàá Yogyakarta yẹn fún ọdún méjì nígbà tí ọkọ mi ń kàwé. Ẹni tó bá ní oko tí ò lágbára àtiro ó, á gbé e fún ẹlòmíì, wọ́n á pín ìkórè sí méjì, maro ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹran ọ̀sìn náà bẹ́ẹ̀, ẹ ra abo màlúù, aládùúgbò sìn ín, tó bá bímọ ẹ pín in, bí a ṣe ń fi ewúrẹ́ fúnni sìn nílé níbí náà ni. Orúkọ ìyàwó ni kí wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀ o, torí tí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjèjì, òfin ní owó tó máa fi ṣe é gbọ́dọ̀ ju bílíọ̀nù 10 rúpíà lọ, láìka ilẹ̀ àti ilé mọ́ ọn. Púlọ́ọ̀tì Ọ̀fà ò tíì tó ìyẹn.

Wọ́n tún máa ń fi oko dógò níbẹ̀, ẹnì kan á yáwó, á gbé oko lé olówó lọ́wọ́ pé kó máa jẹ èso ẹ̀. Òfin wọn ní tó bá ti pé ọdún 7, kí olówó dá oko padà láìgba kọ́bọ̀ kan mọ́, ó ti jẹ tiẹ̀ nínú ìkórè. (Ìbá ṣe pé wọ́n ti ṣe irú òfin yìí fún àwọn baba wa!)

Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yín ò tíì sọ fún yín ni pé owó kọ́ ni abúlé yẹn ń wò. Ọjọ́ kejì tá a débẹ̀ ni olórí àdúgbò wa, Pak RT, bíi mọ́gàjí agboolé lọ́dọ̀ tiwa, ti wá gba fótókọ́pì páspọ́ọ̀tù. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà pé àlejò gbọ́dọ̀ fi ara ẹ̀ hàn láàárín wákàtí 24. Lóru àwọn ọkùnrin á ṣọ́de, wọ́n á máa lu kentongan, ọparun tí wọ́n gbẹ́ inú ẹ̀, a ò kọ́kọ́ lè sùn. Àwọn obìnrin ń dá èsúsú, arisan lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ sí bébà wínníwínní, wọ́n á ká a, rọ ọ́ sínú ife gíláàsì, fi ìwé bo ẹnu ẹ̀, lu ihò kékeré sí i, ìyá àgbà kan á máa mì í títí bébà kan á fi já bọ́. Lóṣù kẹrin, orúkọ mi ló já. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, ni ìyá kan bá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ò wá síbi ọ̀wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló gbowó lónìí. Ojú tì mí, ìyá wa. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ìgbálẹ̀ débi gọ́tà.

Tẹ́ ẹ bá lọ kí wọn, ọkàn yín á balẹ̀. Wọ́n ń ṣe sàráà, wọ́n ń ṣe fídáù ọjọ́ 40, wọ́n tiẹ̀ tún ń ṣe ti 1,000 ọjọ́, oúnjẹ tí wọ́n sì máa dì fún yín lọ sílé, berkat ni wọ́n ń pè é. Àlùbáríkà náà ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ́jẹ́ǹtì kan níbí ní Ìlọrin ní òun ní ilẹ̀ etíkun ní Lombok, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, pé girik ẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, òun á sì bá mi ṣe físà. Ṣé kí n san àsansílẹ̀? — Alágbàdá, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Rárá. Ìwé owó orí ilẹ̀ ni girik, kò sọ pé ilẹ̀ jẹ́ tẹni tó mú un dání, sertifikat, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀, láti ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba wọn ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ti físà, àwa ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò dáadáa kí wọ́n tó fún, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní onídùúró níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé tán tí ọjọ́ yín kọjá, mílíọ̀nù kan rúpíà ni owó ìtanràn ọjọ́ kan. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni gbé báàgì débẹ̀, lọ́dún 2015 wọ́n yìnbọn pa ọmọ Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Lombok fúnra ẹ̀ dáa, àmọ́ ilẹ̀ mì níbẹ̀ lọ́dún 2018, èèyàn tó lé ní 500 ló kú, ẹ bi ẹ́jẹ́ǹtì yín bóyá ó gbọ́.