Ẹ Ra Fíríìjì, Ẹ Má Ra Ìlérí: Ọ̀rọ̀ Ilé Ìtajà Ẹ̀rọ Tó Ń Kógbá Sílé ní Àkúrẹ́

Àbúrò wa kan tó ń gbé ní Ìjàpọ̀ béèrè pé ilé ìtajà ẹ̀rọ kan tó ní ẹ̀ka káàkiri ń ta fíríìjì ní ẹ̀dínwó ní ẹ̀ka rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, wọ́n sì ní kí òun fi owó díẹ̀ lé e kí wáráńtì ọdún kan lè di ọdún mẹ́ta. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun rà á níbẹ̀, tàbí kí òun lọ bá àwọn tó ń tajà ní Ọjà Ọba. Láti kékeré ni mo ti ń bá ilé ìtajà yẹn ná ọjà, mo ti jẹ adùn rẹ̀, mo sì ti jẹ ìyà rẹ̀, nítorí náà mo lè dáhùn. Bí fíríìjì náà bá wà nílẹ̀ tí ẹ fojú rí, tí wọ́n sì tàn án lójú yín, ẹ rà á, kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún ọdún kejì àti ọdún kẹta yẹn. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí pé kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó kù níbẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́.

Ọdún 1996 ni mo kọ́kọ́ wọ inú ilé ìtajà náà. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ti pinnu pé a ó ra tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ kí ìdíje Òlíńpíìkì ti Atlanta tó bẹ̀rẹ̀, owó àjọ tí wọ́n kó ni wọ́n sì fẹ́ fi rà á. Aláwòrán dúdú àti funfun la ní tẹ́lẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa gbá a lórí kí àwòrán rẹ̀ tó lè dúró. Ilé ìtajà náà kò jìnnà sí òpópónà Ọba Adésidà. Bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, atẹ́gùn tútù á fẹ́ lù yín, òórùn páálí tuntun á sì gba imú yín. Ohun tí mo rántí jù lọ, ẹnjiníà kan ni, tó dúró lẹ́yìn káńtà níwájú pátákó kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ló wà lára pátákó yẹn, pẹ̀lú míta kékeré kan tó ń fi bí iná ṣe lágbára tó hàn.

Ó fi ọ̀bẹ kékeré la téèpù orí páálí náà láì jẹ́ kí páálí ya, ó gbé tẹlifíṣọ̀n jáde, ó sì pe bàbá mi pé kí wọ́n wá fi ojú ara wọn ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé gbọọrọ kan, ó tún kọ ọ́ sára rìsíìtì. Lẹ́yìn náà ló wo míta, ó tan tẹlifíṣọ̀n, ó wá ìkànnì NTA Àkúrẹ́, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, bẹ́ẹ̀ ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lóòrèkóòrè. Nígbà tí bàbá mi sọ pé ó ti tó, ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i. Bó bá máa bàjẹ́, ọwọ́ wa níbí ni kó bàjẹ́ sí.” Mo ti dàgbà báyìí, mo ti ra ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò tíì tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ń tajà fún mi.

Ní alẹ́ tí Nàìjíríà na Brazil ní góòlù 4 sí 3, pálọ̀ wa kún débi pé àwọn ará àdúgbò dúró sójú fèrèsé. Nígbà tí Kanu gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, àwa tó wà nílẹ̀ kò mọ ìgbà tí a dìde. Tẹlifíṣọ̀n yẹn kò ṣẹ́jú.

Ẹ̀yìn ilé ìtajà náà ni ilé àtúnṣe wọn wà. Tábìlì gígùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òórùn òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà kì í sì í kúrò nínú yàrá náà. Àwọn èèyàn máa ń gbé ẹ̀rọ wọn wá láti Oǹdó, láti Ìdànrè àti láti Ọ̀wọ̀. Ní ọdún kejì tí a ra tiwa, àrá sán lọ́jọ́ òjò ńlá kan, tẹlifíṣọ̀n náà sì kú. A gbé e lọ, ọjọ́ kẹrin la gbé e padà, owó pààtì nìkan ni wọ́n sì gbà, wọ́n fi èyí tó jóná sínú ọ̀rá fún wa kí a lè rí i pé lóòótọ́ ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ rántí pé irú tẹlifíṣọ̀n kan náà wà lọ́jà nígbà náà, owó rẹ̀ sì dín sí ti wọn. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé àtúnṣe yẹn ni wọ́n ń fi àléékún owó náà rà.

Bí ilé ìtajà náà ṣe ń rẹ̀yìn kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn ọjà tòkunbọ̀ pọ̀ sí i, àwọn tó ń kó ọjà wá láti Èkó fúnra wọn pọ̀ sí i, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ra ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ sì ti tú owó náírà sílẹ̀ kó wá iye tirẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye owó ọjà tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ti ga ju ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè dá lọ. Gbogbo ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n gbogbo onísòwò ni ọwọ́ ìyà yìí bà, àwọn kan ṣì dúró. Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n ti ilé àtúnṣe pa, tí wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ Èkó ni a ó máa kó ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ lọ, ni ilé ìtajà náà ti kú, kódà bí iná ṣì ń tàn lára pátákó orúkọ wọn. Ẹnjiníà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Oyèmẹ́kùn, ó ń dá ṣiṣẹ́.

Èmi náà kò fi ojú sílẹ̀ dáadáa nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, mo ra fírísà ńlá kan níbẹ̀ fún ìyàwó mi, tó ń ta ẹja áìsì ní Ìsinkàn. Orúkọ tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi kò tàn án, ó ní inú páálí ló ti wá tààrà láti ilé iṣẹ́. Ó wá mú fọ́ọ̀mù kan jáde, ó ní bí mo bá fi ìdá mẹ́wàá owó fírísà náà lé e, wáráńtì mi á di ọdún mẹ́ta. Mo san án. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹrìnlá ni fírísà náà dákẹ́. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni, nígbà tí owó tuntun wọ́n bí ojú, tí èèyàn ń tò ní báńkì láti ìdájí, tí wọ́n sì ń fi owó ra owó. Ìyàwó mi ṣí ìdérí rẹ̀ láàárọ̀, omi pupa ti wà nísàlẹ̀, títùs àti kòtè tó rà ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn ti rọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, kò sọ nǹkan kan. Ó kó èyí tó ṣì ṣeé tà, ó tà á ní ìdajì owó, ó sì yan ìyókù. Mo mú rìsíìtì, mo mú fọ́ọ̀mù wáráńtì, mo lọ.

Wọ́n ní kí n gbé e wá, wọ́n á kó o lọ sí Èkó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Ẹni tí mo bá bá lónìí, bí mo bá padà lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí fírísà náà dé, ìhà rẹ̀ kan ti ha, a sì tàn án, kò tutù. Wọ́n wá sọ fún mi pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri kí inú rẹ̀ lè tutù, ló ti kú, pé wáráńtì ọdún kejì kò sì sí lọ́wọ́ àwọn, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni í, kí n pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà. Mo pe nọ́ńbà yẹn títí, kò lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọbìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ kò lè gbójú sókè wò mí. Ó mọ̀ pé nọ́ńbà náà kì í lọ, kò sì ní ohun mìíràn tó lè fún mi.

Mo gbé fírísà náà lọ sí Oyèmẹ́kùn. Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà ti hewú, ṣùgbọ́n ó rántí bàbá mi. Ó tẹ fírísà náà kúrò lára ògiri, ó fi míta kan ẹnu wáyà mẹ́ta tó wà lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó ní ara rẹ̀ dá. Ó wá yọ ohun dúdú kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní rìlé, èyí tó ń ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ láti gbéra. Ó gbé e sí etí ara rẹ̀, ó mì í, ó sì gbé e sí etí tèmi. Ó ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ bí igbá tí wọ́n da òkúta sí. Ó ní èyí tó bá dá, kì í dún rárá. Ó mú tuntun kan láti inú agolo, ó fi í síbẹ̀, fírísà náà sì gbéra. Owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Ohun tó lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́.

Ó sì sọ ohun tó fà á fún mi, tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀. Bí iná bá lọ tó sì tún dé lójijì, gáàsì tó wà nínú fíríìjì ṣì ń ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ láti apá kan, kò ní lè yí, á sì máa fa iná gidigidi títí nǹkan kan á fi jó. Ó yẹ kéèyàn dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó tún tàn án. Iná tí kò lágbára ń ṣe irú iṣẹ́ ibi kan náà. Ẹ̀rọ wa, 220 sí 240 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú èyí tó máa ń wọlé wá lálẹ́ ní àdúgbò yín. Nítorí náà, owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra ọdún kejì àti ọdún kẹta, ẹ fi ra sítébíláísà gidi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú kí iná dọ́gba, èyí tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó gbé iná sílẹ̀.

Ní ti owó wáráńtì mi, mo kọ ìwé sí olú ilé iṣẹ́ wọn, mo tọ́ka sí òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, mo sì sọ fún wọn pé àjọ FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni mò ń kọ ìwé sí tẹ̀ lé e. Wọ́n dá owó náà padà lẹ́yìn oṣù méjì. Òfin yẹn fún ẹni tó bá ra ọjà tó lábùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, ó sì pọn dandan fún ẹni tó ń ta ọjà tí wọ́n ti tún ṣe láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rà á. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà kò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà tó bá ti kógbá sílé tán, ta lẹ máa kọ ìwé sí?

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ san owó fún ohun tí ẹ lè gbé lọ lọ́jọ́ kan náà nìkan. Ẹ má ṣe san àsansílẹ̀ fún ọjà tí wọ́n ní ó wà lójú ọ̀nà. Ní oṣù tó kọjá tí mo débẹ̀, mo gbé páálí kan lára àwọn tí wọ́n tò síwájú, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tan fíríìjì náà, kí ẹ sì dúró títí inú rẹ̀ á fi tutù, bó bá tilẹ̀ gba wákàtí kan. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ara páálí mu, kí wọ́n kọ ọ́ sára rìsíìtì. Ẹ gba káàdì wáráńtì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fíríìjì náà fúnra rẹ̀ fi sínú páálí, nítorí pé ìyẹn kò so mọ́ bóyá ilé ìtajà ṣì wà tàbí kò sí. Ẹ gbé e dúró sínú ọkọ̀, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀, bó bá sì délé, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan.

Pátákó onísọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà yẹn ṣì wà lára ògiri wọn. Mo ra áyọ́ọ̀nù lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ ní oṣù tó kọjá, mo sì ní kí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ tàn án lára rẹ̀ fún mi. Ó ní kò sí iná nínú rẹ̀ mọ́, ó wá tan jẹnẹrétọ̀, ó fa wáyà gígùn kan wá láti ìta, ó sì di áyọ́ọ̀nù náà mú títí ó fi gbóná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Bí fíríìjì tí ẹ bá rà bá wá fún yín ní wàhálà lọ́jọ́ iwájú, ẹ bi àwọn tó ń ta pààtì ní Oyèmẹ́kùn léèrè ẹnjiníà àgbà tó máa ń mi rìlé létí. Wọ́n á júwe rẹ̀ fún yín. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni kì í sí ní ṣọ́ọ̀bù.