Tuberose mi ń yọ ewé, kò yọ òdòdó mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbarà níbí l'Ábẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ọmọ mi ra iṣu òdòdó tuberose wá fún mi, mo gbìn ín sínú garawa ọ̀dà ńlá lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, kí oòrùn má baà jó o. Ó yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan, òórùn dídùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Láti ìgbà náà, ewé ṣáá ni, ó ti kún garawa fọ́fọ́. Àbí ó ti yàgàn ni? Ṣé kí n hú u dànù?

Ìdáhùn: Ẹ má hú u dànù, mà. Kò yàgàn rárá, ọmọ ló bí pọ̀ jù.

Iṣu tuberose kan kì í yọ òdòdó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti yọ tirẹ̀, ó parí nìyẹn, àwọn ọmọ tó bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ló kù. Àwọn náà á yọ òdòdó tí wọ́n bá tóbi tó. Èyí tí kò bá tíì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ewé nìkan ló máa yọ. Nínú garawa yín, wọ́n há mọ́ra, wọ́n ń du omi àti oúnjẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Máńgòrò yẹn wá dá kún un. Oòrùn tí ẹ ń bẹ̀rù fún un gan-an ló ń fẹ́, ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́. Ẹ gbé garawa náà síta gbangba lónìí. Ìyókù di ìgbà ọyẹ́.

Ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti ṣẹ̀ wá: ìgbà òjò ló ń dàgbà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sinmi. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ dẹwọ́ omi títí ewé á fi gbẹ, kí ẹ wá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù. Ẹ wo orí iṣu kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kùkùté gbígbẹ bá wà láàárín rẹ̀, ìyá nìyẹn, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àwọn yòókù: èyí tó le, tí orí rẹ̀ sì tutù bí ewé, ó wà láàyè, èyí tó rọ̀, tó ń rùn, ó ti jẹrà. Inú apẹ̀rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí ẹ kó wọn sí, kì í ṣe ilé ìdáná o! Ẹni tí kò mọ̀ á gé e sọ́bẹ̀ bí àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun jíjẹ.

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹ tún wọn gbìn. Erùpẹ̀ pupa yín nìkan ò dáa, ó máa ń di omi mú, omi tó dúró ló sì ń pa tuberose jù. Ẹ po yanrìn mọ́ ọn dọ́gbadọ́gba, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa (tútù á jó o), kí ẹ sì lu ihò sí ìdí garawa. Mẹ́ta péré tó fún garawa lítà 20: ẹ gbìn wọ́n jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kí àlàfo wọn tó 15. Àwọn kéékèèké, ẹ lọ gbìn wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n lè lo ọdún kan sí méjì kí wọ́n tó yọ òdòdó.

Omi díẹ̀ ló ń fẹ́ títí ewé á fi yọ, lẹ́yìn náà kí ó máa rí i déédéé, pàápàá tí òjò bá dáwọ́ dúró ní oṣù kẹjọ. Ẹ má fi yúríà sí i, ewé lásán ni yóò tún kó fún yín.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, igi òdòdó á yọ, ó sì lè ga kọjá mítà 1, torí náà ẹ fi ọ̀pá tì í. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń là lọ sókè. Tí méjì tàbí mẹ́ta bá ti là, ẹ lè gé e wọlé, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Pálọ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Èmi ò jẹ́ gbé e sí yàrá ibùsùn, torí alẹ́ ni òórùn rẹ̀ ń le jù, orí a sì máa fọ́ ẹlòmíràn. Tí ẹ bá sì fẹ́ kó pẹ́ nílé, ẹ má gbin gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ di oṣù karùn-ún.